Ohùn Bàbá Mi Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Hubert

Bàbá mi, Alojzy Gajda, kò ní ohùn tó dùn. Ó dà bí ohùn ẹni tó ń ka mítà iná. Ohùn yẹn náà ló fi ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Òun ló fi ń sunkún, tó fi ń ṣe ọmọdé, tó fi ń ṣe ìyàwó ilé. Àwàdà kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Lọ́dọ̀ wa, tí fíìmù bá ti ilẹ̀ mìíràn wá, ọkùnrin kan ṣoṣo ní í jókòó ka ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn òṣèré ní èdè Poland, lé ohùn tiwọn lórí. Ọkùnrin, obìnrin, arúgbó, ohùn kan náà. Bí fíìmù bá parí, akàwé á dárúkọ ara rẹ̀: lágbájá ló kà á. Bàbá mi kò lè dárúkọ tirẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù àdàkọ tí òfin kò mọ̀ sí ló ń kà.

Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gangan náà nìyẹn. Ilé àtùpà ló ti ń ṣiṣẹ́, ní kòtò èédú tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bytom. Òun ní í na àtùpà sí àwọn awakùsà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ní í gbà á padà tí wọ́n bá gòkè. Ìṣó tí àtùpà kò sí lórí rẹ̀ ló fi ń mọ ẹni tó ṣì wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pẹ́ kó tó wálé, ọbẹ̀ ti tutù. Ìyá mi bèèrè ohun tó dá a dúró. Ó ní òun ń retí ẹnì kan. Ìyá mi ní ta ni. Ó ní, "Àtùpà kan ni."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ginter, aládùúgbò wa, ló ń da kásẹ́ẹ̀tì kọ nínú gáréèjì rẹ̀. Ó gbọ́ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà ilé alájà wa, níbi tó ti ń bá ìyá arúgbó kan tí kò ríran mọ́ ka ìkéde pé omi ẹ̀rọ kò ní í yọ. Ginter ní irú ohùn tí òun ń wá nìyẹn, ohùn tí kò ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gbé maíìkì kan, tẹlifíṣọ̀n kékeré kan àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì wá. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi kì í dákẹ́. Bàbá mi bá kó ẹrù náà lọ sórí àjà òrùlé, níbi tí àwọn ẹyẹlé rẹ̀ wà. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Igbe ẹyẹlé kì í ṣe ariwo létí ẹni tó ń sìn wọ́n.

Nígbà tó yá, ìyá mi lọ sí Germany lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó. Ó kọ́kọ́ ń wálé nígbà Kérésì. Lẹ́yìn náà, káàdì ló ń wálé. Wọ́n ti kòtò èédú pa. Òfin dé bá àwọn aládàkọ, Ginter sì dáwọ́ dúró. Ohun tó kù fún bàbá mi ni ẹyẹlé, àti èmi.

Ó ní agolo kọfí kan tó fi ń kó ọkà wọn sí. Tó bá fẹ́ pè wọ́n wálẹ̀ láti òkè, kò ní í súfèé bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Á mi agolo náà. Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Á dúró díẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀. Gbogbo wọn á já wálẹ̀ bí ẹ̀wù tí okùn tí wọ́n sá a sí já.

Ó kú nígbà òtútù tó kọjá. Àyà ni. Èmi ń bá wọn to àgbékà irin tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dúró lé. Mi ò ka ìwé púpọ̀. Àárọ̀ kùtù ni mo ń lọ, n kò lè tọ́jú ẹyẹlé. Mo kó gbogbo wọn fún ọkùnrin kan ní Miechowice. Abo aláwọ̀ eérú kan padà wá. Mo gbé e lọ. Ó tún padà wá. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú onílé. Mo fi í sílẹ̀. Àwa méjì la wà nínú ilé yẹn báyìí, òun lókè, èmi nísàlẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé n kò rí ohùn bàbá mi níbì kan. Ó kórìíra fóònù. Tí mo bá pè é, á gbé e, á tẹ́tí, á sì gbé e kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó ti gbọ́. Àwòrán àgbékà ló kún inú fóònù mi, àti ti ajá ọ̀gá mi. Kí oṣù tó pé, mo rí i pé n kò rántí bó ṣe ń pe orúkọ mi mọ́, Borys. Mo pè é fúnra mi nínú ilé ìdáná. Kò jọ ọ́.

Mo lọ bá Ginter. Ó ti di arúgbó. Ó ní òun dáná sun gbogbo kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n sọ pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Ó ronú títí, ó ní bóyá ẹyọ kan kù, lọ́wọ́ Hubert ní àdúgbò Karb. Hubert yìí ni olórí àwọn tó ń bọ ará Finland.

Ará Finland ni Aulis Ketomaa, olùdarí fíìmù tó ti kú tipẹ́. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ nínú fíìmù rẹ̀. Yìnyín, ilé, ènìyàn méjì tí wọn kò wo ojú ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ máa ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá Hubert. Wọn kì í ṣe ènìyàn ńlá. Ọkọ̀ ojú irin ìgboro ni Hubert ń wà kó tó fẹ̀yìn tì. Kọ́tìnì ni Màmá Felicja ń rán. Gracjan, tó kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, ń tún fóònù ṣe.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ wọn á rò pé wọ́n ń jà sí ogún. Àwo fíìmù kan náà tí ilẹ̀ oríṣiríṣi tẹ̀ ni wọ́n ń fi wé ara wọn. Gracjan ní ti Germany ló dúdú dáadáa níbi tó yẹ kó dúdú. Felicja ní ti Germany ti sọ yìnyín di ewéko, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣe bí ẹ̀fọ́. Hubert ní ti àwọn ará Finland fúnra wọn ló dáa jù, àfi pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sísàlẹ̀ rẹ̀ fún àlejò.

Felicja ní, "Gracjan, o ra fíìmù kan lẹ́ẹ̀mẹrin, o ò tíì ra kọ́tìnì kan."

Gracjan ní, "Màmá, tí mo bá fi kọ́tìnì bo fèrèsé, báwo làwọn ará àdúgbò ṣe máa rí àwo mi?"

Mo sọ fún wọn pé mo gbọ́ pé wọ́n ń wo fíìmù níbí. Wọn ò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún mi ní tíì nínú ife gíláàsì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná.

Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ńlá fún wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Warsaw ti kó gbogbo fíìmù ará Finland sínú páálí kan, wọ́n ti fọ àwòrán àti ohùn rẹ̀ mọ́ láti orí ojúlówó fíìmù tí ó kọ́kọ́ yà. Gracjan gbé àwo náà wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Èyí tí wọ́n ń pè ní fíìmù opó ni wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ.

Wọ́n yìn ín. Àwòrán náà mọ́. Wọ́n dé ibi tí gbogbo wọn ń retí. Ọmọ opó náà wọlé láti inú yìnyín. Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ méjì kan fún un. Ó jókòó. Ọmọ jókòó. Adágún odò dídì wà lẹ́yìn fèrèsé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan mọ́, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Hubert dìde nínú àga rẹ̀. "Ẹyẹlé dà?"

Gracjan dá a padà. Wọ́n tún wò ó. Ó dákẹ́ pátápátá. Gracjan mú kí ohùn rẹ̀ lọ sókè títí tí a fi ń gbọ́ ìró àwo náà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹyẹlé. Felicja ní wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ jù, wọ́n ti fọ ẹ̀mí rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Hubert lọ sínú yàrá, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan jáde. Ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fi í sínú ẹ̀rọ àtijọ́.

Opó náà tún yọ. Àwòrán rẹ̀ ti ṣá. Ohùn kan wá lé tirẹ̀ lórí.

"Bọ́ bàtà rẹ. Omi ti ń hó."

Bàbá mi ni.

Mo wo bàtà mi. Kò sí níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo ń wò.

Lẹ́yìn náà, nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, mo gbọ́ wọn. Kúù, kúrúkúù. Mo mọ èyí tó ń ké, tàbí kí n sọ pé mo mọ ìdílé rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ó dúró, ṣẹ̀kẹ̀. Bàbá mi ti rí i pé ọ̀rọ̀ kò sí nínú fíìmù fún ìgbà díẹ̀. Ó ti lo àyè yẹn láti fún ẹyẹlé lóúnjẹ.

Hubert yíjú sí mi, ó rò pé mi ò mọ̀. Ó ṣàlàyé jẹ́jẹ́. Ó ní ẹyẹlé yẹn ni ọkọ opó náà tó ti kú, tí kò kúrò lábẹ́ òrùlé. Ó ní ìró tó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ yẹn ni yìnyín adágún tó ń là, tó fi hàn pé òtútù ń lọ. Ó ní kò sí olùdarí mìíràn ní ayé tó lè fi ìró kékeré méjì sọ gbogbo ìyẹn. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun kú, ibí yìí nìkan lòun ń wò. Òun á wò ó tán, òun á dá a padà.

Mo wo ẹ̀rọ tí kásẹ́ẹ̀tì náà ń yí nínú rẹ̀.

Felicja ní, "Bí kì í bá ṣe ti bàbá aránmú tó ń kà á yẹn. Ó ń sọ fún obìnrin pé òun fẹ́ ẹ bí ẹni tó ń kéde pé ọkọ̀ ti pẹ́."

Hubert ní, "Èmi náà ti kéde bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí obìnrin tó bá mi sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gracjan ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun mọ ẹnì kan nílé iṣẹ́ náà. Ó fi fóònù rẹ̀ kọ̀wé sí i lójú ẹsẹ̀. Kí a tó mu tíì tán, èsì ti dé: kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́, tí ẹyẹlé bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn á dá a padà sínú àwo tí wọ́n bá tún tẹ̀.

Felicja bèèrè pé ohùn aránmú yẹn ńkọ́.

Gracjan ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ fún ìyẹn báyìí. Wọn á fọ ohùn bàbá yẹn kúrò, ẹyẹlé nìkan ló máa kù."

Hubert ní kí wọ́n jẹ́ kóun wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, Gracjan lè gbé e lọ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, lórí àgbékà, ohun tí mo ń rò nìyẹn. Tí mo bá dákẹ́, wọn á nu bàbá mi kúrò lójú ẹyẹlé ara rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà á di ohun ìdọ̀tí lójú wọn. Wọn ò ní í gbọ́ ọ mọ́. Àwọn mẹ́ta yìí nìkan ló ṣì ń gbọ́ bàbá mi ní gbogbo ayé. Wọ́n ń bú u ni, àmọ́ wọ́n ń gbọ́ ọ. Mo gbàgbé láti so okùn ara mi mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá mi ní bóyá kí n lọ sílé lọ sùn. Mo ní mo ń sùn dáadáa. Irọ́ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo fi agolo náà sínú àpò.

Felicja ti se kéèkì oníwàràkàṣì, ó gé e fún kálukú. Páálí tí wọ́n máa fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí wà lórí tábìlì. Hubert ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí i, ó dé ibẹ̀. Bọ́ bàtà rẹ. Omi ti ń hó. Àwọn ẹyẹlé bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Mo mú agolo jáde. Mo mọ ìgbà tó máa dún. Mo ṣáájú rẹ̀ díẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Mo dúró. Ṣẹ̀kẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì náà dá mi lóhùn. Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Ó dúró. Ṣẹ̀kẹ̀.

Hubert dá fíìmù dúró. Ojú opó náà dúró pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní pípadé.

Ó ní, "Kí ló wà nínú ìyẹn?"

"Ọkà ni, bàbá. Ti ẹyẹlé. Bàbá mi ló ni ín. Orí àjà wa ló ti ń ka fíìmù."

Felicja gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, o jókòó síbí, mo sì ń bú bàbá rẹ."

Mo ní, "Ẹ ò mọ̀, màmá."

"Ṣé ó wà láyé?"

Mo ní rárá. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Gracjan gbìyànjú láti mú ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣe é ṣe fún un. Ó ní gbogbo ọdún táwọn fi ń jiyàn, tí Bàbá Hubert fi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nílé ìkàwé, tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Yìnyín Finland, ọkà Bytom ni. Hubert wò ó. Gracjan lọ dúró lójú fèrèsé.

Hubert wá bi mí pẹ̀lú ohùn kékeré pé, ṣé n kò rò pé ẹyẹlé lè wà ní Finland náà. Mo ní ó lè wà. Mo ní àwọn wọ̀nyí tiwa ni. Kò sí nǹkan tí mo tún fẹ́ ju kí n gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì padà lọ. Ó dà bí ìgbà tí mo wọ ilé Hubert tí mo jí ẹni tó sùn níbẹ̀ gbé lọ.

Hubert ní kí wọ́n tan fíìmù náà padà, kí a wò ó dé òpin.

A wò ó. Kò sẹ́ni tó jẹ kéèkì. Opó náà kú níkẹyìn, yìnyín bo ilé, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tí orúkọ tán, a gbọ́ bí akàwé ṣe fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì ti gé.

Hubert ní, "Mo ti máa ń rò ó, kí ló fẹ́ sọ?"

"Orúkọ rẹ̀ ni, bàbá. Kò lè sọ ọ́."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Mo sọ fún un. Hubert tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tó ti dúdú, ó sì kéde rẹ̀ bó ṣe ń kéde ibùdókọ̀ nígbà iṣẹ́ rẹ̀.

"Alojzy Gajda ló kà á."

Lẹ́yìn náà ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó nà án sí mi. Gracjan bèèrè ohun tóun máa sọ fún àwọn ará Warsaw. Hubert ní kó sọ fún wọn pé àwo wọn pé, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo ní kó fi kásẹ́ẹ̀tì náà sọ́wọ́, mo lè máa wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú. Ó mi orí.

Ó ní, "Mo ti gbọ́ ọ bí ẹni pé tèmi ni, ó ti tó. Àwo tuntun ni màá máa wò. Màá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ibi tó dákẹ́."

Mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ̀ lé mi débẹ̀. Ó wo àpò mi, ó wo ilẹ̀. Ó ní ṣé mo ṣì ń lo agolo yẹn.

Mo yọ ọ́ fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí wọ́n ṣe ń gba àtùpà.

Ọkọ̀ ojú irin ṣófo lọ́jọ́ Àìkú. Èmi àti awakọ̀ nìkan ni. Mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí itan. Mo rò pé bóyá Hubert á ti tan àwo tuntun yẹn báyìí, bóyá ó ti dé ibi tó dákẹ́, tó ń mi agolo. N kò mọ̀. N kò tíì padà lọ síbẹ̀.

Mo gba orí àjà lọ. Oòrùn kò tíì wọ̀. Ẹ̀rọ bàbá mi àti tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ àpò ìrẹsì tó fi bò wọ́n. Mo nu eruku kúrò, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Abo aláwọ̀ eérú wà lókè lórí òrùlé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí páànù.

Bọ́ bàtà rẹ. Omi ti ń hó.

Ẹyẹlé ké nínú tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wà lókè kò dá wọn lóhùn. Mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, bí àga rẹ̀ ṣe dún. Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀. Ó dúró. Ṣẹ̀kẹ̀.

Abo náà já wálẹ̀. Ó gba ojú ihò òrùlé wọlé, ó bà lórí pákó, ó sì rìn tààrà lọ síbi tẹlifíṣọ̀n. Ó wo iwájú rẹ̀. Ó yí i ká. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wáyà wà. Ó padà wá wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ṣófo.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọkà.

Nígbà tí mo padà dé, ó tún ti lọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n.